Ilé Méjì, Olórí Méjì: Bí Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Orílẹ̀-Èdè Wa Ṣe Rí

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jọ èyí tí a máa ń bá yín sọ, ṣùgbọ́n inú ìwé owó ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wò ní agboolé kan lẹ́yìn Bẹẹrẹ, a rí i pé wọ́n yọ owó nínú àpò ẹgbẹ́ fún ìrìn-àjò ènìyàn mẹ́rin sí Àbújá. A béèrè ohun tí wọ́n lọ ṣe. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé àbá òfin kan nípa owó ẹ̀yáwó fún àwọn oníṣòwò kékeré ń falẹ̀ nílé àwọn aṣojú-ṣòfin, àwọn sì lọ bẹ Ààrẹ ilé aṣòfin àgbà pé kí ó pàṣẹ fún wọn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wọn padà. Owó ọkọ̀ lọ, owó oúnjẹ lọ, owó ibi tí wọ́n sùn lọ. Nígbà tí a sọ pé ìnáwó náà kò ní àṣẹ ìpàdé gbogboogbò, ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ l'Ọ́jà'ba dìde, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ṣé kì í ṣe òun ni ọ̀gá gbogbo wọn ni?"

Rárá o, ìyá wa, òun kọ́.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 pín ìgbìmọ̀ aṣòfin sí ilé méjì. Ilé aṣòfin àgbà ní ọmọ ilé 109: mẹ́ta mẹ́ta láti ìpínlẹ̀ 36, àti ẹnì kan láti Àbújá. Ilé aṣojú-ṣòfin ní 360, iye ènìyàn ni wọ́n sì fi ń pín in. Ìdí nìyí tí Kánò fi ní aṣojú 24, tí Ọ̀yọ́ ní 14, tí Bayelsa sì ní márùn-ún péré. Ṣùgbọ́n nílé àgbà, mẹ́ta ni Kánò ní, mẹ́ta náà ni Bayelsa ní. Ẹ̀yin náà mọ irú rẹ̀. Ẹni tí ó fi owó gọbọi pamọ́ sínú ẹgbẹ́ àti ẹni tí ó fi díẹ̀ pamọ́, ìbò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní, kí olówó má baà gbé tálákà mì.

Ilé méjì kì í ṣe àjèjì n'Íbàdàn. Láti 1952 títí di January 1966 tí àwọn ológun gba ìjọba, ìlú wa yìí ni ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé àwọn lọ́balọ́ba ti ń jókòó. Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, Ọ̀ọ̀ni Ifẹ̀, ni ó ṣe ààrẹ ilé àwọn lọ́balọ́ba láti 1954 sí 1960.

Ọ̀rọ̀ olórí ni ó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ní Ìbàdàn, àkàsọ̀ ni à ń gùn dé orí oyè, yálà ní ìlà Ọ̀tún tàbí ní ìlà Balógun, ẹnikẹ́ni kò sì lè fò ó. Ọba Rashidi Ládọjà, tí wọ́n dé ládé ní Mápó ní September 2025, lo ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lórí àkàsọ̀ náà. Kábíyèsí kan náà ti wà nílé aṣòfin àgbà rí, kí ìjọba ológun tó tú u ká ní November 1993. Ibẹ̀ yàtọ̀. Ìbò àwọn ọmọ ilé fúnra wọn ni ó ń sọni di olórí níbẹ̀. Ààrẹ orílẹ̀-èdè kọ́ ni ó ń yàn án, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń sọ ẹni tí wọ́n fẹ́. Ní ọjọ́ 13 June 2023, Godswill Akpabio ní ìbò 63, Abdulaziz Yari sì ní 46. Akpabio di Ààrẹ ilé àgbà. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn aṣojú-ṣòfin fi ìbò 353 yan Tajudeen Abbas ní Abẹnugan tiwọn. Olórí kọ̀ọ̀kan ní igbákejì. Bí ilé bá fẹ́ yọ olórí rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta ọmọ ilé ni ó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i: 73 nílé àgbà, 240 nílé kejì.

Òótọ́ ni pé Ààrẹ ilé àgbà ni ó ń ṣe alága bí ilé méjèèjì bá jókòó pọ̀. Bí àyè Ààrẹ orílẹ̀-èdè àti ti igbákejì rẹ̀ bá ṣófo lẹ́ẹ̀kan náà, òun ni yóò di ipò náà mú fún ìwọ̀n oṣù mẹ́ta. Ilé àgbà nìkan ni ó sì ń yẹ orúkọ àwọn mínísítà wò. Ṣùgbọ́n kò lè pàṣẹ fún Abẹnugan, Abẹnugan kò sì lè pàṣẹ fún un. Alága ẹgbẹ́ kan ní Bẹyẹrunka kò lè lọ pàṣẹ fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ mìíràn ní Mápó.

Lẹ́yìn àwọn olórí yìí, àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ní aṣáájú àti ẹni tí ó ń kó àwọn èèyàn wọn jọ lọ́jọ́ ìbò. Akọ̀wé ilé kì í ṣe aṣòfin. Òṣìṣẹ́ ni, bí akọ̀wé tí a ń sanwó fún.

Inú àwọn ìgbìmọ̀ kéékèèké ni iṣẹ́ gan-an wà. Àbá òfin lè bẹ̀rẹ̀ nílé èyíkéyìí. Ìgbà mẹ́ta ni wọn yóò kà á. Lẹ́yìn ìkejì, wọn a gbé e fún ìgbìmọ̀ kan, ìyẹn sì lè pe gbogbo ayé wá sọ tẹnu wọn. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kó ìwé rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ilé kejì yóò ṣe tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá bára mu, ilé méjèèjì a yan ènìyàn láti tún un ṣe, kí ó tó dé ọwọ́ Ààrẹ orílẹ̀-èdè. Bí ìyẹn kò bá fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 30, ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé kọ̀ọ̀kan lè sọ ọ́ di òfin láìsí òun.

Nítorí náà, kò yẹ kí àwọn ènìyàn wa ní Bẹẹrẹ kúrò n'Íbàdàn. Sẹ́nétọ̀ kan ni gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ márààrún inú ìlú, pẹ̀lú Ìdó àti Ìbàràpá, jọ ní. Aṣojú-ṣòfin tiwọn sì wà lọ́tọ̀. Lẹ́tà méjì ni ó yẹ kí wọ́n kọ, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí àjọ àpapọ̀ wa.

Ní ti owó ìrìn-àjò náà, a ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbèsè lọ́rùn àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ìpàdé gbogboogbò yóò fi pinnu. Ìyá elélùbọ́ náà ti ní òun yóò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.