Orin Tí Ẹ Fẹ́ràn, Orin Tí Ẹlòmíràn Fẹ́ràn

Ọ̀rọ̀ orin ni a fẹ́ sọ lónìí.

Bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó, iyàn orin kì í pẹ́ dé. Àgbà ní kí wọ́n fi sákárà sí i. Ọ̀dọ́ ní kí wọ́n fi fújì sí i. Ẹni tó ti ilé ìwé dé láti Àjàṣẹ́ ní orin ará oko ni méjèèjì. Ìyá ìyàwó tó fẹ́ dá orin á dákẹ́, ojú á tì í. Ọ̀rọ̀ yẹn kò bú orin nìkan. Ó bú ènìyàn.

Kí ló dé tí orin tó dùn mọ́ wa kò fi jẹ́ ọ̀kan náà? Orin tí ìyá wa fi rẹ̀ wá lẹ́kún ni ó kọ́kọ́ wọ̀ wá létí. Lẹ́yìn náà ni orin ẹgbẹ́ wa, orin iṣẹ́ wa àti orin ẹ̀sìn wa. Nítorí náà, orin tí ènìyàn fẹ́ràn máa ń sọ ibi tó ti wá. Kò sọ bóyá ó gbọ́n tàbí kò gbọ́n.

Ẹ wo Nàìjíríà. Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1960, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ní Èkó àti Ìbàdàn fẹ́ràn háíláìfù. Àwọn kan nínú wọn ka àpàlà àti sákárà sí orin àwọn tí kò kàwé. Haruna Ìṣọ̀lá, ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ń kọ àpàlà. I. K. Dairo ń kọ jùjú. Mùsùlùmí ni èkíní, Onígbàgbọ́ ni èkejì. Síbẹ̀, ní 1969, àwọn méjèèjì pawọ́ pọ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo orin kan sílẹ̀, tí wọ́n pè ní STAR. Bí àwọn olórin bá lè pawọ́ pọ̀, kí ló dé tí àwa tí a ń gbọ́ wọn yóò máa kẹ́gàn ara wa?

Ẹ tún wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa. Àwọn kan ní kò yẹ ẹni tó mọ̀wé. Ní 2001, UNESCO, ẹgbẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde pé ogún iyebíye fún gbogbo ayé ni. Kì í ṣe ọjọ́ náà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dára. Ó ti dára tipẹ́. Èdè wa ni wọ́n fi ń kọ orin rẹ̀. Ó ń sọ ìtàn, ó ń bá oníwà burúkú wí, ó sì ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí.

Ẹ fẹ́ràn tiyín, ẹ má bú ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ojú bá ti ìyá wa, kò ní kọ orin rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tó bá kú, orin náà bá a lọ.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi ìyá yín tàbí àgbà kan léèrè orin kan tó mọ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.