Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ "Chock" ní Èdè Yorùbá

Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, chock, kò gbọdọ̀ retí orúkọ kan ṣoṣo tí yóò bá a mu níbi gbogbo. Igi, irin tàbí rọ́bà ni, tí a fi ń dí ìdí ohun tí ó lè yí, gẹ́gẹ́ bí táyà ọkọ̀ tàbí ti bàálù. Nínú ọkọ̀ ojú omi, ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe irin tí okùn ń gbà kọjá.

Wedge gbòòrò ju èyí lọ, nítorí ó lè la igi, ó sì lè mú kí àáké há mọ́ igi rẹ̀ ṣinṣin. Èèkàn yàtọ̀ sí méjèèjì: ilẹ̀ ni a ń kàn án mọ́, kí a lè so okùn mọ́ ọn.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Okun, níbi tí Ìkòyí wà ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Bí bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù bá kọṣẹ́ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹni tí ó bá ké pé kí a mú èèkàn wá ti ṣi ọ̀rọ̀ lò. "Ẹ fi igi dí táyà!" ni gbogbo ènìyàn yóò gbọ́ yé lójú ẹsẹ̀.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ bèèrè iṣẹ́ tí ohun náà ń ṣe: ó ń la ni, ó ń há ni, tàbí ó ń dí? Ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò tọ́ka orúkọ.