Ọmọ Tó Fẹ́ Lọ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Wàrà ní Yunifásítì: Ẹ Má Fi Ṣe Yẹ̀yẹ́

Bí ọmọ bá sọ fún òbí rẹ̀ pé òun fẹ́ ṣe dókítà, gbogbo ilé á yọ̀. Bí ó bá ní agbẹjọ́rò ni òun fẹ́ ṣe, wọ́n á gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní ẹ̀kọ́ wàrà ni òun fẹ́ lọ kọ́, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi dá a lóhùn: "Ṣé a ní màlúù ni?" Èyí ló mú wa kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin ará wa ní Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Àjàṣẹ́ àti gbogbo agbègbè wa, nítorí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba BAC.

Ẹ jẹ́ ká ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan tó ń ta wagási ṣàlàyé fún wa pé ohun tí kò bá tà lónìí, òun gbọ́dọ̀ tún un sè lálẹ́. Bí kò bá tún tà lọ́la, ó di sísè lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá fi máa di ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin, ara rẹ̀ ti ń yọ̀, owó sì ti wọgbó. Igi ìdáná ń jẹ nínú èrè, ìbàjẹ́ ń jẹ nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni agolo wàrà oníyẹ̀fun tó ti òkè òkun wá wà lórí àtẹ ẹni kejì rẹ̀, tí kì í tètè bàjẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kì í ṣe ti màlúù nìkan, ìmọ̀ wà níbẹ̀.

Kí wá ni wọ́n ń kọ́ ní yunifásítì? Àkọ́kọ́, wọ́n ń kọ́ ohun tó wà nínú wàrà. Nínú 100 gíráàmù wàrà màlúù, nǹkan bí 87 jẹ́ omi. Ọ̀rá, ṣúgà inú wàrà àti èròjà tó ń mú ara dàgbà ló wà nínú ìyókù. Ohun tó ń ṣe ọmọ èèyàn lóore yìí náà ni kòkòrò àìfojúrí ń jẹ. Nínú ooru ilẹ̀ wa, kí wákàtí kan tó pé, iye wọn lè ti di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyẹn tí wàrà àárọ̀ fi ń kan kó tó dọ́sàn-án.

Èkejì ni bí a ṣe ń fi iná pa kòkòrò. Bí wàrà bá wà ní ìwọ̀n ooru 63 fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí 72 fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, àwọn kòkòrò tó ń fa àìsàn á kú, adùn wàrà kò sì ní lọ púpọ̀. Orúkọ Louis Pasteur, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni wọ́n fi pe ọ̀nà yìí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré: ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àìsàn tó ń mú màlúù ṣẹ́yún lè ti inú wàrà tútù wọ ara èèyàn.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin oníṣòwò. Lítà omi kan wúwo tó gíráàmù 1000, ṣùgbọ́n lítà wàrà tí kò lábùlà máa ń wà láàrin 1028 sí 1033. Irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sínú wàrà. Bí ẹni tó tà á bá ti bu omi sí i, ó máa ń rì ju bó ṣe yẹ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tún ń kọ́ pé màlúù tí wọ́n fún lábẹ́rẹ́ oògùn apakòkòrò, a kò gbọ́dọ̀ ta wàrà rẹ̀ títí iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára oògùn náà á fi pé.

Wagási wa gan-an wà nínú ẹ̀kọ́ náà. Oje ewé bomubómu tí àwọn obìnrin Fúlàní ń dà sí wàrà gbígbóná ní èròjà kan tó ń mú un dì. Pòròpórò ọkà bàbà ló ń fún un ní àwọ̀ pupa. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Bẹ̀nẹ̀ ti ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, pàápàá lórí bí kò ṣe ní tètè bàjẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́n á kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìyá yìí kó tó ṣí ìwé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Níbo ni èèyàn ti lè kọ́ ọ? Kétu wa ni wọ́n dá yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sí ní 2013, èyí tó ti di UNA báyìí. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ tún wà ní yunifásítì Abọ́mè-Kàlàfí àti ti Parakou. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò ní rí "wàrà" lára ìwé ẹ̀rí. Inú ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn tàbí ẹ̀kọ́ oúnjẹ ló wà. Licence gba ọdún mẹ́ta, master gba méjì sí i. BAC C tàbí D ló máa ń wúlò jù fún un.

A kò ní tan yín. Iṣẹ́ ìjọba kò pọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú wàrà tutù wọ́n, iná mànàmáná sì lè ṣẹ́jú nígbàkigbà. Nítorí náà, kí ọmọ tó forúkọ sílẹ̀, ẹ bá a béèrè: Ṣé ilé-ẹ̀kọ́ náà ní agbo màlúù? Ṣé ibi àyẹ̀wò rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ibo ni wọ́n ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́? Bí èsì bá dára, ẹ jẹ́ kó lọ.

Ìyá tó ń ta wagási yẹn béèrè lọ́wọ́ wa bóyá àwọn ọmọ yunifásítì lè bá òun mú ọjọ́ kẹta di ọjọ́ kẹwàá. Ọmọ tó bá lè ṣe é kò ní wá iṣẹ́ tì. Ó lè jẹ́ inú ilé yín ló wà.