Kíríìmù Lẹ Rà, Kí Ló Dé Tó Di Pínkì Lára Ògiri?

Ẹ dé ṣọ́ọ̀bù ọlọ́dà, wọ́n na káàdì àwọ̀ sí yín: magnolia, ivory, cream. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn jọ lójú yín. Ẹ mú ọ̀kan, pẹ́ńtà kun yàrá tán, àfi bí ògiri ṣe ń ṣe pínkì! Ẹ má tíì bínú sí pẹ́ńtà o. Ìmọ́lẹ̀ ló ṣiṣẹ́ yẹn.

Èròjà tó ń jẹ́ titanium dioxide ló ń sọ ọ̀dà di funfun. Kó má baà funfun bíi bébà, wọ́n á kán àwọ̀ mìíràn sí i díẹ̀. Tí ìyeyè bá pọ̀ nínú ẹ̀, á fà sí bọ́tà. Tí pupa bá pọ̀, á fà sí pínkì. Ìyàtọ̀ yẹn ò hàn lórí káàdì kékeré. Àmọ́ nínú yàrá, ìmọ́lẹ̀ á lu ògiri kan, á ta padà lu èkejì, bó sì ṣe ń ta ni àwọ̀ ń kún un. Kápẹ́ẹ̀tì pupa náà á tún ta tiẹ̀ sára ògiri.

Ẹ wo páálí gílóòbù yín. Ìmọ́lẹ̀ 2700K máa ń pọ́n bíi ti àtùpà. Ti 6500K funfun, ó sì fẹ́ ṣe búlúù. Kíríìmù tó rẹwà lábẹ́ ti àkọ́kọ́ lè dà bí eérú lábẹ́ ìkejì. Kódà, ọ̀dà méjì tí èròjà wọn yàtọ̀ lè jọra bí ìbejì lábẹ́ iná kan, kí wọ́n má jọra mọ́ lábẹ́ iná mìíràn. Metamerism ni wọ́n ń pè é.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ ra díẹ̀díẹ̀ nínú méjì tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ kùn wọ́n sára páálí ńlá méjì, lẹ́ẹ̀mejì-mejì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ má kùn ún sára ògiri àtijọ́, torí ògiri aláwọ̀ ewé á mú kí kíríìmù pọ́n lójú yín ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ gbé bébà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ èyí tó fà sí ìyeyè àti èyí tó fà sí pínkì. Ẹ wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án, àti lálẹ́ tí gílóòbù bá wà ní títàn. Tó bá jẹ́ pé alẹ́ lẹ máa ń lo yàrá náà jù, ohun tẹ́ ẹ rí lálẹ́ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Owó ọ̀dà díẹ̀ yẹn ò lè tó owó àtúnkùn yàrá.