Sílíkónì Tí Kò Nípọn Ju Átọ́ọ̀mù Kan Lọ

Orí sílíkónì ni gbogbo fóònù tí àwọn ará ìlú Ilé-Ogbó ń gbé kiri láti ọjà dé oko dúró lé. Èròjà tí ó pọ̀ nínú yanrìn ni sílíkónì, wọ́n sì máa ń yọ́ ọ, kí wọ́n fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò pátápátá, kí wọ́n tó fi ṣe tiransísítọ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ìlẹ̀kùn: bí ó bá ṣí, iná mànàmáná á kọjá, bí ó bá tì, iná á dúró. Láti ọdún 1947 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe tiransísítọ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń sọ ọ́ di kékeré, títí tí ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù rẹ̀ fi ń gba orí ohun tí kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti kéré jù, iná a máa jò níbi tí ó yẹ kí ó dúró, fóònù á gbóná, bátìrì á sì tètè kú.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi kọjú sí àwọn èròjà tí kò nípọn ju átọ́ọ̀mù kan lọ, ìyẹn ẹyọ tí ó kéré jù lọ lára èròjà kan. Èyí tí ó kọ́kọ́ lókìkí ni gíráfíìnì, tí Andre Geim àti Konstantin Novoselov fi sẹ́lótéèpù bó kúrò lára irú èròjà dúdú inú pẹ́ńsù ní Manchester ní 2004, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2010. Ariwo orí rẹ̀ tiẹ̀ pọ̀ jù, nítorí pé iná ń sáré nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé tì pa.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Déjì Akínwándé, tí ó dàgbà ní Ìkẹjà kí ó tó lọ sí Amẹ́ríkà ní 1994, tí ó sì ń kọ́ni ní Yunifásítì Texas ní Austin, gba ọ̀nà mìíràn: sílíkónì kan náà ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ di awẹ́ ẹlẹ́yọ átọ́ọ̀mù kan, tí a ń pè ní sílísíìnì. Afẹ́fẹ́ lásán ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń bà á jẹ́. Alessandro Molle àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ítálì jẹ́ kí oru sílíkónì bà sórí fàdákà nínú àpótí tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọ́n sì fi alumínà bò ó lójú kí afẹ́fẹ́ má bàa bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ikọ̀ Akínwándé bó o, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé kí fàdákà lè wá sókè, tí wọ́n sì fi kẹ́míkà jẹ àárín fàdákà náà kúrò, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí ó ṣẹ́kù lè di ẹnu ọ̀nà iná. Ní 2015 ni wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde, tiransísítọ̀ sílísíìnì àkọ́kọ́ sì nìyẹn.

Èyí tí ó lè kan Ilé-Ogbó jù ni iṣẹ́ tí ikọ̀ Akínwándé gbé jáde ní 2018, nígbà tí wọ́n fi awẹ́ tín-ín-rín ti èròjà mìíràn ṣe ohun èlò ìrántí tí kò gbàgbé ohun tí a fi sínú rẹ̀ bí iná bá tilẹ̀ lọ, tí àwọn ènìyàn sì ti rò pé kò ṣeé ṣe. Ẹni tí sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ ni ó ń fi ṣájì fóònù mọ iye tí irú bẹ́ẹ̀ tó, àmọ́ kò tíì rọrùn láti ṣe awẹ́ náà ní fífẹ̀ láìní ihò lára, kí ilé-iṣẹ́ tó lè máa ṣe é tà.