Ìka Ò Dọ́gba: Ṣájà Wo Ló Bá Bátìrì Lithium Yín Mu?

Ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ ṣáá: "Mo ra bátìrì lithium sí inverter mi, wọ́n ní yóò pẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ló dé tí áàpù ń sọ pé ó ṣì ku 35%, tí iná sì pa lójijì?" Ìyẹn la ó yẹ̀ wò lónìí. Ẹ má tíì lọ ra bátìrì mìíràn o. Lọ́pọ̀ ìgbà, inú ṣájà àti sẹ́tíǹgì ni wàhálà wà.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó tí à ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù. Àwa tó ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ̀yin tó ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, àwọn tó ń ránṣọ, àwọn tó ń ṣe irun, ọ̀pọ̀ wa ló ti sá lọ bá inverter. Bátìrì wà lára ohun tó wọ́n jù níbẹ̀. Bó bá kú láìtọ́jọ́, owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ oṣù ló gbé lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó wà nínú àpótí náà. Irú lithium tó pọ̀ jù fún inverter 48V ni LiFePO4. Sẹ́ẹ̀lì 16 ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ 3.2V. Ẹ ṣe é lọ́nà 16, ẹ ó rí 51.2V tí wọ́n kọ sára àpótí. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún, kò gbọdọ̀ kọjá 3.65V. Bó bá ń lọ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ kọjá 2.5V.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ìka ò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì. Òmíràn á yára kún, òmíràn á máa wọ́ lẹ́yìn. Ṣájà ò sì mọ èyí. Ó dà bí olùkọ́ tó ń wo àròpọ̀ máàkì gbogbo kíláàsì nìkan. Kò mọ ẹni tó gba 90, kò mọ ẹni tó gba 20. Àròpọ̀ fóltéèjì ni ṣájà ń rí.

Ẹni tó ń wo sẹ́ẹ̀lì lọ́kọ̀ọ̀kan ni BMS, pátákó kékeré tó wà nínú àpótí. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan ti dé 3.65V, tí àwọn 15 yòókù ṣì wà ní 3.45V. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 55.4V péré. Ṣájà tí wọ́n sọ fún pé kó dé 58.4V ṣì ń tì í lọ, ṣùgbọ́n BMS á já iná kí sẹ́ẹ̀lì kan yẹn má bàa bàjẹ́. Àwọn 15 yòókù ò wá ní kún. Nígbà tí ẹ bá ń lò ó, sẹ́ẹ̀lì tó rẹ̀yìn jù ló máa kọ́kọ́ tán, BMS á tún já iná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná ṣì wà nínú àwọn tó kù. Òun ni 35% tó ń pa lójijì yẹn.

Báwo la ṣe ń yan ṣájà? Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Àkọ́kọ́, irú bátìrì tí wọ́n ṣe é fún. Kó jẹ́ ti LiFePO4. Ṣájà bátìrì olómi máa ń ní ìpele kan tí wọ́n ń pè ní equalize, níbi tó ti ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé fóltéèjì sókè. Lithium kò fẹ́ ìyẹn rárá. Lórí inverter yín, ẹ pa equalize, kí ẹ sì mú irú bátìrì sórí lithium tàbí USER. Ẹ má sì yá ṣájà kẹ̀kẹ́ oníná nítorí pé orí wáyà rẹ̀ wọlé. Ọ̀pọ̀ irú bátìrì bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ NMC, tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń kún ní 4.2V, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀.

Èkejì, fóltéèjì. 58.4V ni òpin, kì í ṣe ibi tó yẹ ká máa dé lójoojúmọ́. Bí ìwé bátìrì yín kò bá sọ òmíràn, 56.8V dára fún absorption, ìyẹn 3.55V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Fún float, 54V tó.

Ẹ̀kẹta, iye iná tó ń wọlé, èyí tí wọ́n ń fi A kọ. Bátìrì 100Ah lè gba 20A títí dé 50A, ṣùgbọ́n ohun tó wà lára àpótí ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ tún wo ibi tí iná ti ń bọ̀. 20A ní 57V ti lé ní 1,100W. Jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" ò lè gbé e. Ẹ dín in kù kó tó kú.

Ó wá kan ìmúdọ́gba, èyí tí áàpù BMS ń pè ní balance. LiFePO4 máa ń dúró ní nǹkan bí 3.2V sí 3.3V fún ọ̀pọ̀ nínú ìrìn rẹ̀. Ní àárín yẹn, sẹ́ẹ̀lì tó ti rẹ̀yìn àti èyí tó wà níwájú á jọra lójú mítà. Bí BMS bá ń mú wọn dọ́gba níbẹ̀, ó lè máa gba iná lọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti 3.40V, pẹ̀lú ìyàtọ̀ 0.01V.

Ó tún ń gba àkókò. Ká ní sẹ́ẹ̀lì kan fi 5Ah ṣíwájú. BMS tó ń fi 0.1A jó èyí tó pọ̀jù dànù máa lo wákàtí 50. Èyí tó ń fi 1A kó iná láti ara sẹ́ẹ̀lì kan sí òmíràn á lo nǹkan bí wákàtí 5. Ẹ wá fọkàn sí èyí: 54V tí a fi sí float, tí a bá pín in sí 16, 3.375V ni. Kò tó 3.40V, nítorí náà ìmúdọ́gba ti dúró nígbà yẹn. Àsìkò absorption nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan tàbí méjì. Bí ìyàtọ̀ bá pọ̀, ẹ gbé float sí 55.2V fún ọjọ́ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà kí ẹ dá a padà.

Bí ìyàtọ̀ bá ṣì ju 0.1V lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí bátìrì ń kún dáadáa, ẹ pe rìwáyà tó mọ lithium. Ẹ má ṣí àpótí fúnra yín. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni so wáyà yí BMS sílẹ̀ "kí iná lè máa wá." Bí àpótí bá wú tàbí tó ń rùn, ẹ dá ṣájà dúró. LiFePO4 ò yára gbaná bíi NMC, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára èyí tó ti bàjẹ́ lè gbaná. Nítorí náà, ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tàbí sẹ́nu ọ̀nà kan ṣoṣo tí ẹ lè gbà sá jáde.

Lálẹ́ òní, ẹ ṣí áàpù yín, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́ta: fóltéèjì absorption, ibi tí balance ti ń bẹ̀rẹ̀, àti ìyàtọ̀ láàárín sẹ́ẹ̀lì tó ga jù àti èyí tó kéré jù nígbà tó bá kún. Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra tirẹ̀. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí iná yín má pa o.