Bí A Ti Í Fi Àlòkù Irin Kọ́ Ààrò Gàrí

Bí ẹ bá jáde kúrò ní ìlú Ilé-Ifẹ̀ lọ sí abúlé ní ọjọ́ tí a ń yan gàrí, èéfín ni ẹ ó kọ́kọ́ rí kí ẹ tó rí ilé. Nínú èéfín náà ni ìyá kan jókòó sí, ó kọ ojú sí agbada, ó ń fi àfọ́ igbá ro gàrí, omijé sì ń dà ní ojú rẹ̀. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí. Ọ̀rọ̀ mi ní alẹ́ yìí ni pé kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀, àti pé àgbá irin àlòkù kan, pẹ̀lú amọ̀ àti ọ̀pá irin díẹ̀, tó láti yọ ìyá náà kúrò nínú èéfín.

Kí a tó fi ọwọ́ kan irin, ó yẹ kí a mọ ohun tí iná ń ṣe nínú agbada. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yíyan gàrí ni mímú omi kúrò. Gbáàgúdá tí a ti rin, tí a dì sínú àpò, tí a sì fi òkúta tàbí jáàkì ọkọ̀ fún, ṣì ní omi tí ó tó bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ nínú. Gàrí tí yóò pẹ́ nílẹ̀ láìhu kò yẹ kí ó ní ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, bí a bá da kílò 10 gbáàgúdá tútù sí agbada, omi tí ó ju kílò 4 lọ ni iná ní láti gbé lọ. Omi kì í sì í lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ooru tí a fi ń mú omi kan náà gbẹ tán lẹ́yìn tí ó ti hó tó ìlọ́po 7 èyí tí ó mú un hó. Ìdí rẹ̀ nìyí tí òkìtì igi fi ń tán lórí gàrí díẹ̀.

Omi nìkan kọ́ ni ó ń lọ. Májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní cyanide wà nínú gbáàgúdá. Nígbà tí a bá rin ín ni májèlé náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú sílẹ̀. Apá kan bá omi fífún lọ, púpọ̀ nínú ìyókù sì di afẹ́fẹ́ lórí agbada. Ẹ má ṣe mọ ògiri yí ilé gàrí ká. Òrùlé ni kí ẹ fi bò ó, kí afẹ́fẹ́ lè máa fẹ́ kọjá.

Àwọn ará òkèèrè pẹ̀lú mọ ìyọnu yìí. Ní ilẹ̀ Kánádà àti ìhà àríwá Amẹ́ríkà, igi kan wà tí a ń pè ní maple. Nígbà tí òtútù bá ń parí lọ, wọn a lu ihò sí ara igi náà, wọn a gbe omi rẹ̀ bí adẹ́mu ti ń gbe ẹmu lára ọ̀pẹ, wọn a sì sè é títí yóò fi ki tí yóò sì dùn bí oyin. Nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 omi igi ni ó ń di gálọ́ọ̀nù 1. Àwọn kan nínú wọn kì í ra ààrò; àgbá irin àlòkù ni wọ́n fi ń ṣe é fúnra wọn. Wọ́n ti rí i pé ìkòkò jíjìn kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé ojú omi ni oruku rẹ̀ ti ń jáde. Bí ojú agbada bá ti fẹ̀ tó ni omi ń yára lọ tó.

Bẹ́ẹ̀ ni tiwa. Bí a bá gé orí àti ìdí àgbá gálọ́ọ̀nù 44 kúrò, tí a là á ní òró, tí a sì lù ú tẹ́, a ó rí irin pẹlẹbẹ kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti 3 ní ìbú. Ẹ ká etí rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Agbada nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná, nítorí níbi gígé àgbá yìí ni ènìyàn ti ń kú. Àgbá tí ó gbé epo bẹntiróò rí, bí ó tilẹ̀ gbẹ táútáú, afẹ́fẹ́ epo ṣì lè kún inú rẹ̀. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, yóò bú gbàmù. Ẹ fi irú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá èyí tí ó gbé òróró jíjẹ. Èyí náà pàápàá, ẹ ṣí ẹnu rẹ̀, ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù gé e, kì í ṣe iná. Èyí tí ó gbé oògùn apakòkòrò, tàbí èyí tí a kò mọ ohun tí ó gbé, ẹ má ṣe gbà á bí a tilẹ̀ fi í ta yín lọ́rẹ.

Àwọn kan a máa lo páànù òrùlé nítorí pé ó rọ̀ láti ká. Kò dára. Gbáàgúdá kan, kíkan rẹ̀ a sì máa yọ síǹkì ara páànù sínú oúnjẹ. Òjé burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tí ń sè ọtí líle ní ìkọ̀kọ̀ a máa lo rédíétọ̀ ọkọ̀ àlòkù. Òjé tí a fi lẹ̀ ẹ́ a máa yọ sínú ọtí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó sì ti fi bẹ́ẹ̀ gba májèlé láìmọ̀, nítorí òjé kì í kìlọ̀ fún ahọ́n. Nítorí náà ẹ má ṣe fi òjé lẹ igun agbada. Ẹ ṣẹ́ ẹ lé ara wọn, kí ẹ sì lù ú pa.

Ààrò fúnra rẹ̀, amọ̀ ni. Ìlú tí àwọn ará ìṣáájú rẹ̀ ti yọ́ gíláàsì nínú ìkòkò ní Igbó Olókun, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, kò níláti bẹ̀rù à ń há iná mọ́. Ẹ mọ ògiri amọ̀ yí abẹ́ agbada ká kí iná má ṣe ráàyè sá jáde. Ẹ to ọ̀pá irin àlòkù sí ìdí rẹ̀, kí igi lè jókòó lé wọn, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba abẹ́ wọlé. Láti ẹnu ààrò lọ sí ìpẹ̀kun, ẹ fi amọ̀ gbé ilẹ̀ inú rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, títí àlàfo tí ó wà láàrin rẹ̀ àti agbada kò fi ní ju bí ìbú ọwọ́ kan lọ. Èyí ni yóò fi ipá mú ọwọ́ iná lá ìdí agbada kí ó tó jáde. Ní ìpẹ̀kun náà ni kí ẹ ri ọ̀pá èéfín sí. Awẹ́ àgbá mìíràn tí a ká róbótó tó fún un, bí ó bá ṣáà ga ju òrùlé lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, yóò máa gòkè, yóò sì máa fa tútù wọlé lẹ́yìn ara rẹ̀. Ó ń fẹ́ iná fún yín láìgba owó.

Ẹnu ààrò kò gbọ́dọ̀ kọ ojú sí ẹni tí ń ro gàrí. Ẹ mú un lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Wọ́n ti bi mí pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa koná? Èsì mi ni pé ọkọ ìyá náà ní ọwọ́ méjì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn tí ó ju mílíọ̀nù 3 lọ ní gbogbo ayé ní ọdún 2020, àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ń wà ní ìdí ààrò ni ó sì ń fa èéfín náà sínú jù.

Nígbà tí amọ̀ bá gbẹ, ẹ kọ́kọ́ dá iná ńlá sí i láìda nǹkan kan sí agbada, kí ọ̀dà tí ó wà lára irin lè jóná tán. Kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà sí i ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi epo pupa pa á, kí ẹ sì yá iná sí i títí yóò fi dúdú tí yóò sì máa dán. Ìpẹtà kò ní tètè mú un. Ẹ tún dá iná mìíràn, kí ẹ wo etí agbada yí ká. Ibi tí èéfín bá ti ń yọ, ẹ fi amọ̀ tútù dí i, kí ẹ tó gbé gbáàgúdá wá.